Ìdí Tí Agbára Ọkọ̀ Àtijọ́ Fi Ń Dínkù, àti Bí A Ti Í Wádìí Rẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní òní kì í ṣe ti àwọn mẹkáníìkì nìkan. Ti gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀ ni, àti ti gbogbo ẹni tí ń wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí ọkọ̀ bá dàgbà, a máa ṣẹlẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní fà mọ́ bí ti ìgbà àtijọ́. Bí ó bá dúró, gbogbo ara rẹ̀ a máa gbọ̀n. Bí ó bá ń lọ, a máa kọsẹ̀ bí arúgbó tí ó ru ẹrù wúwo. Kí ni kí olówó ọkọ̀ ṣe ní ọjọ́ náà? Ìdáhùn wa kò gùn: kí ó wádìí kí ó tó rà. Ohun tí ó kù nínú ọ̀rọ̀ wa ni àlàyé bí a ti í wádìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Dùgbẹ̀ gidigidi. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901 ni òwò ti ń fa ènìyàn wá sí ìhín, ó ti pẹ́ kí a tó parí Ilé Kòkó ní ọdún 1965. Títí di òní, èrò kò dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni a wà, nítòsí odò Ògùnpa. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Mọ́kọ́lá, òkè ni yóò gùn. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Mápó, òkè ni yóò gùn pẹ̀lú. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ọkọ̀ tí ń ṣàìsàn lè fi ara pamọ́, ṣùgbọ́n òkè kì í bo àṣírí. Àwọn Nissan Micra kékeré tí ń kó èrò káàkiri ìlú wa, púpọ̀ nínú wọn ti ju ọmọ ogún ọdún lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣì ń rí Peugeot 504 tí a tò ní Kàdúná, níbi tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975, àti Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún kan náà.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni a kéde òpin owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo, tí iye owó epo sì fò sókè. Láti ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì tí ń fi epo ṣòfò ń mú oúnjẹ kúrò ní ẹnu àwọn ọmọ ilé. Ẹni tí ó bá sì fi ọkọ̀ jẹun, tí ó ra irin tí kò nílò nígbà mẹ́ta, lè ti ná owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ tán kí àìsàn ọkọ̀ náà tó hàn sí i. Ìdí nìyí tí a fi ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a sọ ní àárín àwọn ènìyàn Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1876, ọkùnrin ará Jámánì kan, Nikolaus Otto, ṣe ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin tí púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wa ń tẹ̀lé títí di òní. Ní ìgbésẹ̀ kìíní, písítìnì fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú; ní èkejì, ó fún wọn pọ̀; ní ẹ̀kẹta, púlọ́ọ̀gì ṣáná sí wọn, agbára iná náà sì ti písítìnì sísàlẹ̀; ní ẹ̀kẹrin, èéfín jáde. Ìyá tí ó bá ti dáná igi rí mọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń sọ. Bí igi bá tutù, èéfín ni yóò máa rú. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, iná yóò kú. Bí kò bá sí ìṣáná, asán ni igi gbígbẹ. Ti ẹ́ńjìnnì fi ohun kan lé e: a gbọ́dọ̀ fún afẹ́fẹ́ àti epo náà pọ̀ nínú ilé tí kò jò. Nítorí náà, afẹ́fẹ́, epo, iná, ìfúnpọ̀, àti ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde: nínú àwọn márùn-ún yìí ni a ó ti rí ìdí àìlera ẹ́ńjìnnì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí kò fà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣàìsàn. Bí bíréèkì bá ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, ọkọ̀ yóò wúwo; lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ sún mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó mọ èyí tí ó gbóná ju àwọn yòókù lọ. Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá ń ga tí eré ọkọ̀ kò sì pọ̀ sí i, ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì. Bí afẹ́fẹ́ táyà bá ti lọ sílẹ̀, ìyẹn pẹ̀lú lè tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá tú ẹ́ńjìnnì nítorí bíréèkì dà bí ẹni tí ó fá orí nítorí ẹsẹ̀ tí ń dun ni.

Lẹ́yìn èyí, kí a bi ara wa ní ìbéèrè, kí a sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé lẹ́yìn tí a ra epo ni, tàbí lẹ́yìn òjò, tàbí lẹ́yìn tí ẹnì kan tún un ṣe? Ṣé nígbà tí ó tutù ni, tàbí nígbà tí ó gbóná? Ṣé ní ìdúró ni ó ń gbọ̀n, tàbí lórí òkè nìkan ni kò fà? Ọkọ̀ tí ń gbọ̀n ní ìdúró ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ nígbà tí ó bá sáré, a máa fura pé afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé. Èyí tí ó dúró jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n tí kò lè gun òkè, a máa fura pé epo kò tó o, tàbí pé ọ̀nà èéfín ti dí. Èyí tí ó ń gbọ̀n ní ìwọ̀n kan náà, tó, tó, tó, bí arọ tí ń tiro, a máa fura pé ọ̀kan nínú àwọn sílíńdà rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́.

Èkínní, afẹ́fẹ́. Ní àkókò ọyẹ́, eruku a máa kún fílítà afẹ́fẹ́ títí ẹ́ńjìnnì kò fi ní lè mí. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sí ojú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, ó ti tó láti pààrọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo rọ́bà ńlá tí ó so fílítà mọ́ ẹ́ńjìnnì, àti àwọn rọ́bà kéékèèké tí ó wà lára rẹ̀. Ooru a máa mú kí wọn sán, pàápàá ní abẹ́ tí ojú kò tó. Bí a bá gbọ́ ìró bí ti ejò tí ń fín, tàbí tí a wọ́n omi díẹ̀ sí oríkèé kan tí ìró ẹ́ńjìnnì sì yí padà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé. Rọ́bà tí owó rẹ̀ kéré a máa ṣe ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Èkejì, epo. Ìdọ̀tí a máa dí fílítà epo, páàmù a máa rẹ̀, ihò kékeré inú kábúrétọ̀ ti ọkọ̀ àtijọ́ a máa dí, nọ́sù ti ọkọ̀ tí ó tẹ̀lé e a sì máa dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí epo fúnra rẹ̀ ni ó burú. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ ìjọba kéde pé epo bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ ti wọ orílẹ̀-èdè wa. Methanol jẹ́ irú ọtí kan tí a kò gbọdọ̀ mu. Nínú ìwọ̀n kan náà, agbára tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì ti epo bẹntiróòlù lọ. Nítorí náà ọkọ̀ a máa rọ, a sì máa gbọ̀n. Ó ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àti irin fúyẹ́ tí ó wà ní ọ̀nà epo. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, púlọ́ọ̀gì titun mẹ́rin kò lè wo ọkọ̀ sàn.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè dán epo wò nínú ilé wa, ní ìta gbangba, níbi tí kò sí iná tàbí sìgá nítòsí. Ẹ mú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ríran kọjá lára rẹ̀. Ẹ bu omi sí i díẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà sí ara ìgò ní ibi tí omi dé. Ẹ bu epo lé e ní ìlọ́po mẹ́sàn-án omi náà, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tòrò. Omi ni yóò wà ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá dúró ní ojú ìlà, kò sí ọtí nínú epo náà. Bí ó bá ga ju ìlà lọ, ọtí ti kúrò nínú epo wọ inú omi. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti wà nínú epo láti ilé epo wá, kí a má bu omi kankan sí ìgò. Kí a fi epo nìkan sílẹ̀ kí ó tòrò, kí a sì wo ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, iná. Ẹ tú àwọn púlọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí ẹ sì tò wọ́n bí wọ́n ti wà nínú ọkọ̀, kí ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. Púlọ́ọ̀gì jẹ́ lẹ́tà tí sílíńdà kọ sí wa. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ bí ti erùpẹ̀ gbígbẹ, ara dá. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ bí ẹ̀yìn ìkòkò, epo ti pọ̀ jù tàbí iná kò tó. Bí ó bá dúdú tí ó sì tutù pẹ̀lú ọ́ìlì, ọ́ìlì ń wọ ibi tí kò yẹ. Bí ó bá funfun gbòò, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù tàbí epo kò tó afẹ́fẹ́. Bí mẹ́ta bá rí bákan náà tí ọ̀kan sì yàtọ̀, ilé ọ̀kan náà ni kí a lọ.

Láti mọ sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́, àwọn àgbà mẹkáníìkì a máa dá iṣẹ́ wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Èyí tí a dá dúró tí ẹ́ńjìnnì sì rọ sí i, ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tí a dá dúró tí kò sí ohun tí ó yí padà, òun ni ọ̀lẹ tí ó jókòó ní àárín àwọn tí ń ṣiṣẹ́. Nínú ọkọ̀ tí ó ní nọ́sù, wáyà nọ́sù ni kí a yọ, kí a má fi ọwọ́ kan wáyà púlọ́ọ̀gì, nítorí iná rẹ̀ lágbára tó láti ṣe ènìyàn ní ibi, ó sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ní àkókò òjò, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní òru nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí wáyà púlọ́ọ̀gì bá ti sán, ẹ lè rí iná kéékèèké tí ń fò jáde lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìfúnpọ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí a ń ki bọ ihò púlọ́ọ̀gì láti wọn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Kí a dá epo àti iná dúró, kí a tẹ ìjánu epo dé ìsàlẹ̀, kí a sì yí ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe nọ́ḿbà kan ṣoṣo ni kí a wò bí kò ṣe ìbáramu àwọn nọ́ḿbà náà. Bí mẹ́ta bá ka 160 tí ọ̀kan sì ka 90, ìṣòro wà nínú ilé náà. Kí a ki ṣíbí kékeré ọ́ìlì kan sí i, kí a tún un wọ̀n: bí ó bá gòkè, òrùka písítìnì ti jẹ, bí kò bá gòkè, ó ṣeé ṣe kí fáàfù máa jò. Bí méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀ pọ̀, ẹ fura sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà ní àárín wọn. Àwọ̀ èéfín pẹ̀lú ń jẹ́rìí: dúdú ń sọ pé epo pọ̀ jù, aláwọ̀ ojú ọ̀run ń sọ pé ọ́ìlì ń jó, funfun tí kò dáwọ́ dúró, nígbà tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù, ń sọ pé omi ń wọlé.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀nà èéfín. Ohun tí kò lè mí jáde kò lè mí sínú. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ní kátálísítì, ìyẹn àgbá tí ń fọ èéfín mọ́, epo tí kò jó láti inú sílíńdà tí ń ṣàìsàn a máa wọ ibẹ̀ lọ, a sì máa jó níbẹ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi yọ́ tí yóò sì dí. Èyí fi hàn pé ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ tí ń kọsẹ̀ fún oṣù púpọ̀, tí ó ń sọ pé ó ṣì ń lọ, ń fi àìsàn kékeré bí àìsàn ńlá. Irin gbígbóná náà sì lè dáná sun koríko tí a bá gbé ọkọ̀ lé lórí.

Ẹnì kan lè wí pé ẹ̀rọ síkáànù ti dé, kí ni a tún ń wá? Òótọ́ ni pé láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ titun ní ojú kan náà tí a fi lè ka àṣìṣe ẹ́ńjìnnì, Yúróòpù sì tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Ẹ lò ó bí ọkọ̀ yín bá ní i. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà tí ó bá jáde jẹ́ ẹlẹ́rìí, kì í ṣe adájọ́. Bí ó bá wí pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ, kò tíì sọ bóyá rọ́bà ni ó ya, tàbí páàmù ni ó rẹ̀, tàbí methanol ni ó wà nínú táńkì. Ẹni tí ó bá ka nọ́ḿbà tán tí ó sì sáré lọ sí ọjà Àràròmí ní Gate láti ra irin, ó dá ẹjọ́ lẹ́yìn tí ó gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan so ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀. Kí a sọ pé awakọ̀ kan ní Micra tí ń gbọ̀n ní Dùgbẹ̀ nígbà tí ó ń dúró de èrò, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ bí ó bá ti ń sáré. Ó ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kò san. Ó ra páàmù, kò san. A wí fún un pé bíréènì bọ́ọ̀kìsì ni, ó sì fẹ́ yá owó. Bí ó bá tẹ̀lé ètò tí a là sílẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ìbá ti darí rẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Omi wíwọ́n ìbá fi rọ́bà kan tí ó ya ní abẹ́ hàn án. Iṣẹ́ náà ìbá sì parí kí oòrùn tó kan àtàrí. Wákàtí kan tí a fi wádìí kò tó ìdá kan nínú iye tí ó ná.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìwà. Ìwọ olówó ọkọ̀, má ṣe pe mẹkáníìkì ní olè kí o tó gbọ́ tirẹ̀. Sọ gbogbo ìtàn àìsàn náà fún un, má fi ibi tí o ti ra epo pamọ́, kí o sì san owó àyẹ̀wò fún un, nítorí ẹni tí a kò bá san owó ìwádìí fún, irin ni yóò máa tà. Béèrè irin àtijọ́ tí ó yọ, kí o fi ojú ara rẹ rí i. Ìwọ mẹkáníìkì, kì í ṣe ìtìjú láti wí pé, "N kò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún wò ó." Ìtìjú ni láti fi owó ọmọ ẹlòmíràn kọ́ iṣẹ́. Àti ìwọ tí o fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ, tí o mọ̀ pé òrùka rẹ̀ ti jẹ, tí o sì da ọ́ìlì tí ó nípọn sí i kí èéfín má bàa hàn títí oníbàárà yóò fi lọ: ní ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá kú lójijì ní iwájú tírélà, pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀, owó tí o gbà yóò ha lè ra ọkàn kan padà bí?

Àwọn àgbà wa a máa wí pé àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe òkú. Nígbà tí ó bá ń gbọ̀n, tí kò sì fà mọ́, ọ̀rọ̀ ni ó ń bá wa sọ. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù gbọ́ ọ, láti orí ohun tí kò ná wa ní owó títí dé orí èyí tí ó ná wa púpọ̀: ojú, etí, fílítà, rọ́bà, ìgò epo, púlọ́ọ̀gì, ìwọ̀n ìfúnpọ̀, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni kí ọwọ́ tó kan àpò. Kí Ọlọ́run kí ó máa ṣọ́ àwọn tí ń wakọ̀ àti àwọn tí ń wọ̀ ọ́, kí ó sì bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ẹni tí ó bá fi òtítọ́ ṣe é. Àmín.